Omi Inú Tánkì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dí eyín mi ní Òkè-Fìà,
ẹ̀ẹ̀mejì ló jábọ́.
Àkọ́kọ́ bá gúgúrú lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án.
Èkejì, mo ti gbé e mì pẹ̀lú tíì gbígbóná
kí n tó mọ̀ pé ihò ti padà sílé.
Ahọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀.
Ahọ́n kì í yé lọ kí ihò,
bí ẹni tó ń lọ wo ilé tó ti tà.

Nímọ̀ta ní kí n lọ yọ ọ́ dànù.
Mo ní rárá. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé
tí mo ti ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin;
ohun tó bá jò, ìdí rẹ̀ là ń wá,
a kì í sọ túùbù sígbó.

Mo padà lọ. Mo ní kí Dókítà Ìbíyẹmí ṣàlàyé
kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó ní, "Bàbá, ara eyín ń dán bí àwo tánganran,
nǹkan kì í dì mọ́ ohun tó bá ń dán.
Ásíìdì la fi ń họ ọ́, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
kó rí gbágungbàgun tí ojú lásán ò lè rí,
kí àtè wa lè ráyè wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé fáìlì mi kọ́ nìyẹn?
Túùbù tí a ò bá fi fáìlì ha,
sólúṣàn á kàn jókòó lé e bí àlejò tó ń kánjú.

"Bí itọ́ bá kàn án, ó bàjẹ́.
Bí ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín bá kàn án, ó bàjẹ́.
Omi kànga ibòmíràn a máa sọ eyín di líle,
ásíìdì á pẹ́ kó tó jẹ ẹ́.
Ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn sọ eyín di funfun nítorí ìyàwó,
kó lọ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì ná."

Ti funfun kọ́ la ń sọ. Obì ti jọba lẹ́nu tèmi.

Nọ́ọ̀sì Rìsíkátù ti òwú bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi,
rọ́bà tín-ín-rín ń fa itọ́, fùrùrù.
Dókítà kun ásíìdì, ó kà á, ó fọ̀ ọ́,
ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó gbẹ.
Ó yẹ kí ojú eyín funfun bí ẹfun.
Kò funfun.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ.
Lẹ́yìn ògiri, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń wúkọ́.
Mo nawọ́. Mo ní, "Ohi hà hínú háńhì."
Wọn ò gbọ́. Mo tu òwú:
"Omi wà nínú tánkì yẹn!
Ìgbà wo lẹ tú u kẹ́yìn?"
Wọ́n wo ara wọn.
Tú? Ṣé wọ́n ń tú u ni?

Bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, bíìbù lọ́rùn bí ọmọ jẹ́léósinmi,
ìdajì ẹnu mi kú sábẹ́ abẹ́rẹ́.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ, mo yí ìdè ìdí rẹ̀.
Ó tọ̀. Ó tọ̀, ó tún tọ̀,
omi pupa, òróró dúdú léfòó lójú rẹ̀,
gbogbo ọ̀rinrin òjò Òṣogbo láti oṣù kẹrin.
Ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí mi léyín nìyí
tí wọ́n ń pè ní gbígbẹ.

Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibọ̀wọ́ lọ́wọ́.
Ó ní, "Ẹni mélòó?"
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

A wọlé, a tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó funfun bí ẹfun.
Díẹ̀díẹ̀ ló ń tò ó, ìpele lórí ìpele,
iná kékeré ń tàn sí i, àwọ̀ aró
tó máa ń wà léèékánná ìyá mi.

Oṣù kẹrin rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí mo bá kírun tán,
mo máa ń yà tú tánkì wọn. Wọn ò sanwó, mi ò bèèrè.
Nọ́ọ̀sì á wà nídìí tábìlì, ìwé orúkọ níwájú rẹ̀,
á máa tẹ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, eyín yẹn ńkọ́?"